Ògì kò kan mọ́ látìgbà tí òtútù ti dé, ẹ gbà wá o

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará wa ní ìlú ọba. Manchester ni mo ti ń kọ̀wé.

Àgbàdo funfun kìlógíráàmù 1 ni mo ń rẹ sínú omi lítà 2½ fún ọjọ́ 3, mo sì ń pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá fi búlẹ́ńdà lọ̀ ọ́, màá fi aṣọ sẹ́ ẹ, màá jẹ́ kó tòrò fún ọjọ́ 2. Nígbà ooru, ọjọ́ 3 yẹn tó. Ní oṣù kọkànlá yìí, tí a bá ti pa hítà lálẹ́, ilé ìdáná ń tutù dé 14°C. Àgbàdo á ṣì le nínú, èérí á pọ̀ ju ògì lọ, omidùn kò sì ní kan rárá.

Mo mọ̀ pé nǹkan bí 30°C ló bá ohun tó ń mú ògì kan lára mu. Ṣé kí n gbé e sínú ààrò tí mi ò tàn, kí n kàn tan gílóòbù inú rẹ̀? Àbí kọ́bọ́ọ̀dù tí táǹkì omi gbígbóná wà ló dára jù? Ṣé omi tí mò ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ ló ń gbé kíkan rẹ̀ lọ? Tí mo bá sì fẹ́ fi omidùn àtijọ́ ife 1 sí i, ṣé ìgbà rírẹ ni, àbí lẹ́yìn sísẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n ra ti inú páálí. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà láàárọ̀ Sátidé, tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní aago 7, kò láfiwé.