Ṣé “àjẹsára” ló yẹ ká pe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ṣáájú iṣẹ́ abẹ kíndìnrín?

Ẹ̀yin ará,

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa ní Yaba mú wá, pé ká máa pe antibáyótíìkì (oògùn tó ń pa bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àrùn tí ojú ò lè rí) tí wọ́n ń fún àgbàlagbà tó fẹ́ gba kíndìnrín ẹlòmíì ní “àjẹsára”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, mi ò lè fara mọ́ ọn.

Àjẹsára ń kọ́ ara bí yóò ṣe bá àrùn jà ni. Abẹ́rẹ́ tí à ń wí yìí, cefazolin ni ó sábà máa ń jẹ́, kò kọ́ ara ní nǹkan kan. Láàárín wákàtí kan kí ọ̀bẹ tó kan awọ ni wọ́n ń gún un, kí oògùn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń la ara. Oògùn náà fúnra rẹ̀ ló ń pa bakitéríà, kì í sì í pẹ́ lára.

Èyí tó tún le níbẹ̀ ni pé wọ́n á fi oògùn bíi tacrolimus àti prednisolone dín agbára ìjà ara aláìsàn náà kù, kí ara má bàa lé kíndìnrín tuntun dànù. Ara tí à ń bẹ̀ pé kó má jà, báwo la ṣe fẹ́ ní a ti fún un ní àjẹsára? Ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àkóràn. Bẹ́ẹ̀, àkóràn ọ̀nà ìtọ̀ wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó gba kíndìnrín, pàápàá nítorí rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi sí wọn lára. (“Ìpààrọ̀ kíndìnrín” pàápàá kò tọ̀nà tó: wọ́n sábà máa ń fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi tuntun sí ìsàlẹ̀ ikùn.)

“Apakòkòrò” ńkọ́? Bí ẹ bá béèrè apakòkòrò ní Ìdúmọ̀tà, oògùn aáyán àti ìdun ni wọ́n máa nà sí yín. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá ní Mushin, “kápúsù” ni antibáyótíìkì ń jẹ́. Wọ́n á tú aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò ọmọ pé kó lè tètè gbẹ. Ó ń dùn mí púpọ̀, torí irú ìlòkulò báyìí ló ń sọ bakitéríà di ohun tí oògùn ò ràn mọ́.

Àbá tèmi ni “oògùn ìdènà àkóràn” fún gbogbo irú rẹ̀, títí kan co-trimoxazole, antibáyótíìkì mìíràn tí aláìsàn ń lò fún oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èyí tí wọ́n ń gún ní tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ), ká pè é ní “abẹ́rẹ́ aṣáájú-ọ̀bẹ”, torí àsìkò rẹ̀ gan-an ló gbé agbára rẹ̀ ró.

Láti ọdún 2000 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas, Erékùṣù Èkó níbí, ó dájú pé ẹnìkan ti ń ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà láàárín wa, kí lẹ ń pè é fún ẹbí aláìsàn tí kò gbọ́ òyìnbó?