RAM 4GB, dátà hotspot: bùráúsà wo ló bá láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mu?

Àṣàkẹ́Atẹ̀wé béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo fi ń tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù: Core i5 ìran kẹrin, RAM 4GB, hard disk àtijọ́ tó ń yí, kì í ṣe SSD. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, hotspot fóònù ni mo sì fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì. Bí táàbù bá ti tó mẹ́fà, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, fáànù á máa pariwo, dátà á sì ti tán kí ọjọ́ tó kanrí.

Bùráúsà wo ni kí n lò? Ṣé òtítọ́ ni pé uBlock Origin, adènà-ìpolówó yẹn, kò ṣiṣẹ́ lórí Chrome mọ́? Báwo ni mo ṣe lè tẹ lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì tó péye sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì? Nígbà míì àpótí kékeré ló ń yọ, nígbà míì àmì ìbéèrè.

OníGecko fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, Àṣàkẹ́. Kí a tó di ẹ̀bi dátà ru bùráúsà, ẹ ṣí Settings, Network & Internet, Status, Data usage. Ibẹ̀ ni Windows ń kọ iye tí ètò kọ̀ọ̀kan jẹ láàárín 30 ọjọ́ sí. Bó bá jẹ́ "System" ló wà lókè, Windows Update ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí, torí lójú rẹ̀, hotspot tí ẹ fi owó rà kò yàtọ̀ sí Wi-Fi tí kò lópin. Ẹ lọ sí Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ hotspot yín, kí ẹ tan "Set as metered connection". Lẹ́yìn náà, ní Update & Security, Delivery Optimization, ẹ pa "Allow downloads from other PCs". Bó bá wà ní títàn fún gbogbo kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ yín lè máa fi dátà yín gbé fáìlì Windows fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú àwọn ètò tó ń "fọ" ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Cache tí wọ́n ń pa rẹ́ ni bùráúsà fi ń yẹra fún gbígba àwòrán àti kóòdù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá nù ún láàárọ̀ máa fi owó ra gbogbo rẹ̀ padà lọ́sàn-án.

Ó kan bùráúsà wàyí. Èyí tí èmi fi ń ṣiṣẹ́ ni Firefox pẹ̀lú uBlock Origin. Òtítọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́ nípa Chrome. Tẹ́lẹ̀, àfikún (extension) tó ń dènà ìpolówó lè wo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ojú ewé fẹ́ fi ránṣẹ́ síta, kí ó fi kóòdù tirẹ̀ pinnu bóyá kí ó kọjá. Lábẹ́ òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Manifest V3, ó gbọ́dọ̀ ko àtòjọ òfin lé bùráúsà lọ́wọ́ ṣáájú, bùráúsà ló sì máa dá ẹjọ́. Google bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn àfikún àtijọ́ lórí Chrome ní 2024, ó parí rẹ̀ ní 2025. Raymond Hill tó kọ uBlock Origin ṣe uBlock Origin Lite fún wọn. Lite kò burú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré. Firefox ṣì gba uBlock Origin gan-an, lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù Android.

Tí ẹ bá ti fi sí i, ẹ ṣí dashboard (ojú ewé ètò) rẹ̀, ní Settings, kí ẹ tan "Block media elements larger than". 50 KB ló máa ń wà níbẹ̀ láti ilẹ̀. Àwòrán tàbí fídíò tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní wọlé àfi bí ẹ bá tẹ ààyè rẹ̀. Ìyẹn nìkan lè dá dátà púpọ̀ dúró. "Block remote fonts" náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún un: ọ̀pọ̀ ojú ewé fi fọ́ǹtì ya àwòrán bọ́tìnnì wọn, bí ẹ bá dènà rẹ̀, bọ́tìnnì á di àpótí òfìfo. Nínú Settings Firefox fúnra rẹ̀, Privacy & Security, ẹ wá Autoplay, kí ẹ yan "Block Audio and Video".

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń kà, ẹ tẹ F12, ẹ yan Network, kí ẹ tẹ Ctrl+F5. Nísàlẹ̀, ẹ máa rí iye ìbéèrè àti iye tó wọlé gan-an, níbi tí wọ́n kọ "transferred" sí. Ẹ pa uBlock, ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi méjèèjì wéra.

Ní ti RAM, kò sí bùráúsà tó máa sọ 4GB di 8. Láti dáàbò bò yín, Chrome àti Firefox ń ya ojú òpó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sínú ààyè tirẹ̀, kí ojú òpó burúkú má bàa yọjú wo ti báǹkì yín. Ààyè kọ̀ọ̀kan ló ń gba RAM. Ẹ kọ `about:processes` sínú àpótí àdírẹ́sì Firefox, ẹ máa rí táàbù tó ń jẹun jù. Láti Firefox 140, ẹ lè tẹ táàbù pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún eku kí ẹ yan "Unload Tab": táàbù á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n RAM rẹ̀ á tú sílẹ̀. Kí ẹ má ṣe é fún fọ́ọ̀mù tí ẹ kò tíì kọ tán o, torí ojú ewé náà máa wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà sí i.

Kìnnìún01 fèsì:

Mi ò bá OníGecko jiyàn lórí uBlock, àmọ́ ẹ máa rí ojú òpó tí wọn kò dán wò lórí ohun mìíràn ju Chrome lọ. Fún irú rẹ̀, ẹ fi Brave sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì Chromium (kóòdù tó ń ṣí ojú ewé, tí Chrome náà wà lórí rẹ̀) ló ń lò, inú bùráúsà gan-an ni wọ́n sì kọ adènà-ìpolówó rẹ̀ sí pẹ̀lú èdè Rust. Kì í ṣe àfikún, nítorí náà Manifest V3 kò kàn án. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ pa àwọn nǹkan tí wọ́n kó mọ́ ọn: Rewards, Wallet, News àti Leo. Ariwo lásán ni wọ́n fún ẹ̀rọ tó ní 4GB.

OníGecko fèsì:

Kìnnìún, mo gbà fún yín, bùráúsà kejì ṣe pàtàkì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé orúkọ pọ̀, ẹ́ńjìnnì kò pọ̀. Opera kúrò lórí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ní 2013, Edge ṣe bákan náà ní January 2020. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Brave àti Vivaldi, orí Blink ti Chromium ni wọ́n wà. WebKit ti Safari àti Gecko ti Firefox ló kù tó ṣe gbòógì. Ìdí tí ojú òpó fi ń kọ Gecko náà nìyẹn: ẹni tó kọ ọ́ dán an wò lórí ọ̀kan ṣoṣo, ó ní ó ti parí.

Bẹ́ẹ̀, kóòdù tó ṣí sílẹ̀ ló bí gbogbo wọn. Àwọn olùyọ̀ǹda KDE, àwọn tó ń ṣe ètò ọ̀fẹ́ fún Linux, ló kọ ẹ́ńjìnnì KHTML, Apple mú un láti fi ṣe WebKit, Google sì ya Blink kúrò lára WebKit ní 2013. Gecko náà jáde láti inú Netscape, bùráúsà àtijọ́ kan, tó tú kóòdù rẹ̀ síta ní March 1998. Firefox 1.0 dé ní November 2004.

Ọ̀rọ̀ Opera Mini, kí ẹnìkan tó béèrè: ó ń dín dátà kù lóòótọ́, pàápàá ní ipò extreme, torí server (kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì) tiwọn ló ń ṣí ojú ewé, tó ń fún un pọ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sí yín. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ bá a wọ báǹkì ní ipò yẹn. Chrome náà ní Lite mode tẹ́lẹ̀ lórí fóònù, wọ́n pa á ní 2022.

ÀmìOhùn fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àmì. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ jẹ́ U+1E63: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀. Ọ pẹ̀lú àmì òkè U+0301, tàbí ẹ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ U+0300, ni ẹ máa so pọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá.

Bó bá jẹ́ àpótí ló yọ, tàbí tí àmì sún kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀, fọ́ǹtì ni. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀ lódindi, fọ́ǹtì yẹn ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà á. Ẹ fi Noto Sans tàbí Charis SIL sórí ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Nínú Firefox: Settings, General, Fonts, Advanced, ẹ yan Noto Sans, kí ẹ sì mú àmì kúrò níwájú "Allow pages to choose their own fonts". Ẹ dá a padà tí ẹ bá parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú òpó mìíràn á dàrú.

Bó bá jẹ́ àmì ìbéèrè ló yọ lẹ́yìn tí ẹ ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ má da ara yín láàmú. Àpótí ìpamọ́ wọn kò gba Unicode, server ti gbé lẹ́tà yín sọnù, kò sì sí bùráúsà tó lè dá a padà. Lórí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ orúkọ oníbàárà láìsí àmì, bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹ tún kíyèsí fọ́ọ̀mù tó ka lẹ́tà: ọ́ máa ń jẹ́ méjì lójú wọn, orúkọ gígùn á kọjá ààlà láìròtẹ́lẹ̀.

Láti tẹ̀ ẹ́ lórí Windows: Time & Language, Language, Add a language, ẹ yan Yorùbá. Tí ẹ kò bá mọ ibi tí lẹ́tà wà, ẹ tẹ Windows+Ctrl+O kí kíbọ́ọ̀dù orí ojú ẹ̀rọ ṣí, kí ẹ wá tẹ AltGr (Alt ọ̀tún) wò. Lórí Linux:

`setxkbmap -layout us,ng -variant ,yoruba -option grp:alt_shift_toggle`

Alt+Shift á máa gbé yín láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Bí ẹ bá fẹ́ dúró sórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi `-option compose:ralt` sí i: Alt ọ̀tún, lẹ́yìn náà `!`, lẹ́yìn náà `o`, á fún yín ní ọ. Fún ohùn, Ctrl+Shift+U, 301, Enter.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń dà kọ láti inú fáìlì àtijọ́. Àwọn kan fi ọ̀pá kékeré U+0329 sísàlẹ̀ o dípò àmì tó yẹ. Lójú, ìkan náà ni. Fún kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀ pátápátá, ẹ lè wá ọ̀rọ̀ náà títí kí ẹ má rí i. Ní Firefox, Ctrl+F ní "Match Diacritics": bí ẹ bá pa á, "oko" á mú oko, ọkọ àti ọkọ̀ wá pọ̀, bí ẹ bá tàn án, èyí tí ẹ kọ gan-an ló máa rí.

Àṣàkẹ́Atẹ̀wé fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. "System" ló wà lókè lóòótọ́! Nǹkan méjì ló kù. Fídíò ẹ̀kọ́ lórí YouTube ṣì ń mú fáànù pariwo. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, láàárọ̀ tí mo bá tan ẹ̀rọ lẹ́yìn tí iná ti lọ lóru, bùráúsà á ní ìwé ẹ̀rí (certificate) gbogbo ojú òpó kò dáa, kódà ti Google.

Atúnrọṣe fèsì:

Ti àárọ̀ rọrùn, ẹ wo aago ẹ̀rọ. Bátìrì kékeré orí motherboard ló ti kú, CR2032 ni lọ́pọ̀ ìgbà, 3 volt. Iná lọ, bátìrì ńlá náà kò mú nǹkan dúró mọ́, aago á padà sí ọdún àtijọ́, bùráúsà á wá rò pé ọjọ́ ìwé ẹ̀rí náà kò tíì dé. Bí ẹ bá rí `NOT_YET_VALID` nínú kóòdù àṣìṣe, òun nìyẹn. Ẹ má tẹ "Accept the Risk". Ẹ tún aago ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì, ẹ yọ iná àti bátìrì ńlá kúrò ná, kí ẹ sì wo tàtijọ́ dáadáa kí ẹ tó rà: nínú láàpútọ́ọ̀pù, ọ̀pọ̀ wọn ní wáyà méjì àti ẹnu kékeré tí wọ́n fi ń kì í bọlẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà fún aago lásán kò ní wọ ibẹ̀.

Ti fídíò: H.264, VP9 àti AV1 jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀. Core i5 ìran kẹrin ní ẹ̀yà tó ń tú H.264, kò ní ti VP9 àti AV1. YouTube fẹ́ràn méjì tó kẹ́yìn yìí, CPU yín ló wá ń fi agbára tú u. Ẹ fi àfikún enhanced-h264ify sórí Firefox, kí ẹ dènà VP8, VP9, AV1 àti 60fps. Fáànù á dákẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ ni pé H.264 ń jẹ dátà ju VP9 lọ bí àwòrán bá dán bákan náà. Nítorí náà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 360p. Fún ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ó tó.

Windows 10 yẹn náà, àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ parí ní 14 October 2025. Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, lè ṣiṣẹ́ lórí RAM 2GB, 4GB ni wọ́n dámọ̀ràn. Fáìlì rẹ̀ sún mọ́ 3GB, ẹ gbà á níbi tí Wi-Fi wà, kì í ṣe lórí hotspot. Ẹ yẹ sha256sum rẹ̀ wò (nọ́ńbà tó ń fi hàn pé fáìlì pé), ẹ fi ètò Rufus kọ ọ́ sórí flash 8GB, kí ẹ kọ́kọ́ lò ó láti orí flash láìfi sórí disk, kí ẹ rí i bóyá Wi-Fi àti printer yín bá a ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sórí disk: `sudo apt install zram-tools`, ẹ ṣí `/etc/default/zramswap`, ẹ kọ `ALGO=zstd` àti `PERCENT=50`, kí ẹ wá `sudo systemctl restart zramswap`. Á máa fún ohun tó wà nínú RAM pọ̀ dípò kó máa tú u sórí hard disk tó lọ́ra. Bí owó bá sì wà, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ronú RAM.