Píìkì àjèjì mẹ́ta lórí HPLC: ṣé omi lè jẹ̀bi bí mítà bá kọ 18.2?

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ó ti ń gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ewé ewúro ni mò ń yẹ̀ wò fún iṣẹ́ másítà mi, àwọn èròjà phenolic inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kà lórí HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a lè kà wọ́n. Kọ́lọ́ọ̀mù C18 ni mò ń lò, páìpù tí àwọn èròjà ti ń pínyà nìyẹn, 250 mm ní gígùn, 4.6 mm nínú. Omi tí mo fi formic acid 0.1% sí ló wà nínú ìgò A, acetonitrile ló wà nínú ìgò B. Láti omi 95% ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbé acetonitrile gòkè díẹ̀díẹ̀ fún 40 ìṣẹ́jú títí òun náà á fi di 95%. 1 mL ló ń sàn ní ìṣẹ́jú kan, ìmọ́lẹ̀ UV 280 nm ni mo fi ń wò ó.

Píìkì mẹ́ta kan, ìyẹn òkè tó ń fi èròjà hàn lójú àwòrán, ń yọjú láàárín ìṣẹ́jú 24 sí 31. Bí mo gún omi ewé sí i, wọ́n á yọ; bí mi ò gún nǹkan kan, wọ́n á yọ. Èyí tó wà láàárín ga débi pé ó bo ọ̀kan lára àwọn tí mo fẹ́ kà mọ́lẹ̀. Mo ti fọ kọ́lọ́ọ̀mù. Mo ti ṣí ìgò acetonitrile tuntun, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta á báyìí. Wọn ò lọ.

Nípa ti omi: kátíríìjì ẹ̀rọ tó ń fọ omi ní láàbù wa ti parí láti ọdún tó kọjá, owó òmíràn ò tíì jáde. Nítorí náà, láàbù kan lọ́nà Mọ́níyà ni mo ti ń gba omi. Mítà ara ẹ̀rọ tiwọn, tí wọ́n fi ń wo bí omi ṣe mọ́ tó, ń kọ 18.2, ojú mi ló ṣe. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà ni mo fi ń gbé e, nínú búùtù Micra, mo sì ń lò ó fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó padà lọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní omi tí mítà bá ti kọ 18.2 fún kò lè ní ìdọ̀tí, pé kọ́lọ́ọ̀mù ló bàjẹ́, kí n lọ wá owó òmíràn. Kí n tó lọ yá owó, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé omi ò lè jẹ̀bi?

Ọmọ_Ṣáṣá:

Pẹ̀lẹ́ o, má tíì yá owó. Nígbà tó o ní o ò gún nǹkan kan, ṣé òfìfo, ìyẹn omi tí kò ní ewé nínú, lo gún ni, àbí abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ mira rárá? Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí abẹ́rẹ́ ò bá mira tí píìkì ṣì yọ, yọ abẹ́rẹ́ àti ìgò kéékèèké kúrò nínú ẹjọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó:

Ẹ ṣé. Abẹ́rẹ́ ò mira rárá. Wọ́n ṣì yọ.

Bọ̀dá_Àpáta:

Èmi o, pure water inú ọ̀rá là ń lò níléeṣẹ́ kékeré wa. Mo máa ń fi asẹ́ 0.45 µm sẹ́ ẹ kí n tó dà á sínú ìgò. Paracetamol là ń kà, omi àti methanol tí ìwọ̀n wọn kì í yí padà, mi ò sì rí píìkì àjèjì kankan rí. Bóyá ẹ̀ ń da ara yín láàmú lórí omi.

Ìyá_Láàbù:

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó, ọmọ mi, omi lè jẹ̀bi dáadáa, mítà ò sì parọ́. Ohun tí a bi í nìkan ló dáhùn.

Bí omi ṣe ń dènà iná mànàmáná tó ni mítà yẹn ń wọ̀n. Iyọ̀, irin, calcium, gbogbo ohun tó bá pín sí ion nínú omi ló ń gbé iná. Bí wọ́n bá ti tán nínú rẹ̀, nọ́ńbà á gòkè dé 18.2 megohm-cm ní 25°C, kò sì ní kọjá ibẹ̀, torí omi fúnra rẹ̀ máa ń pín sí ion díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yọ́ láti ara ike, ohun tó jẹrà láti ara ewé, ohun tí kòkòrò àìfojúrí tú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé iná. Wọ́n lè wà nínú omi kí 18.2 má sì yẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Òǹkà mìíràn ló ń rí wọn, òun là ń pè ní TOC, àpapọ̀ kábọ́nì inú àwọn èròjà bẹ́ẹ̀. Fún irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe, kí ó má kọjá 5 ppb (ìdá márùn-ún nínú bílíọ̀nù kan) ló dára. Bi àwọn ará Mọ́níyà bóyá ẹ̀rọ tiwọn ń kọ ọ́.

Wàyí o, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ́lọ́ọ̀mù rẹ. C18 fẹ́ràn ohun tó fara jọ ọ̀rá. Nígbà tí omi 95% bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí oníkábọ́nì yẹn á lẹ̀ mọ́ ẹnu kọ́lọ́ọ̀mù bí epo pupa ṣe ń lẹ̀ mọ́ igbá. Omi nìkan ò lè ṣí i. Ṣe ló ń pọ̀ sí i níbẹ̀, mílílítà kan tẹ̀lé òmíràn, nígbà tí ìwọ rò pé ò ń dúró kí kọ́lọ́ọ̀mù fara balẹ̀. Ìgbà tí acetonitrile bá wá pọ̀ tó, oríṣi kọ̀ọ̀kan á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, á sì jáde bíi píìkì gidi. Bí ohun tí ò tó nǹkan nínú lítà kan ṣe ń di òkè lójú àwòrán nìyẹn.

Dán èyí wò, kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀ ju omi àti acetonitrile díẹ̀ lọ. Fọ kọ́lọ́ọ̀mù, jẹ́ kí omi 95% sàn fún ìṣẹ́jú 10, kí o wá bẹ̀rẹ̀ gradient, ìyẹn gbígbé acetonitrile gòkè díẹ̀díẹ̀, láì gún nǹkan kan. Tún un ṣe, kí o fi ìṣẹ́jú 30 sílẹ̀ dípò 10. Bí iná bá gbà ọ́ láyè, fi 60 ṣe ẹ̀kẹta. Bí píìkì bá ń sanra bí àkókò ṣe ń gùn, ìgò A ló ń bọ́ ọ. Bí kò bá yí padà, omi rẹ jàre, wá ibòmíràn lọ.

Gbèsè ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ọdún kẹta tí mo dé ìdí HPLC, oògùn ibà là ń kà, píìkì kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójijì lẹ́yìn ìsinmi Iléyá. Mo pààrọ̀ kọ́lọ́ọ̀mù méjì. Mo dá methanol padà fún ẹni tó tà á fún wa, mo sì bá a jà, mo sọ ọ̀rọ̀ sí i tí kò yẹ kí n sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ọjọ́ kan ni mo rí ìyá tó ń bá wa tún láàbù ṣe nídìí ẹ̀rọ ìfọwọ́, ó ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ ìfọṣọ gbo ìgò A mi nínú àti lẹ́yìn. Ó ní ìgò náà ti ń ṣú, òun fẹ́ kí ó dán kí n tó dé. Inúure ló fi ṣe é. Ọṣẹ kì í tán lára ìgò bọ̀rọ̀, èyí tó kù ló ń jáde sí mi lójú àwòrán. Láti ọjọ́ náà, mo kọ ọ́ sára gbogbo ìgò omi mi pé ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Omi tí wọn yóò gbé náà la fi ń ṣàn wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì wá ẹni tó ta methanol lọ sí Dùgbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì rẹ ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fọ omi títí ó fi mọ́ tán, o wá dà á sínú ike, o tì í mọ́ búùtù nínú ooru láti Mọ́níyà, o bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjóò, o gbé e dé Agbowó, ó tún wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ike á yọ́ nǹkan sí i. Kòkòrò àìfojúrí á tẹ̀dó sára ike náà, bí omi ti wù kó mọ́ tó, wọ́n máa ń rí ohun jẹ níbẹ̀. Àti pé ó dá mi lójú pé ò ń da tuntun lé èyí tó ṣẹ́kù lórí. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wá ìgò gíláàsì lítà kan kan, mẹ́rin tó ọ. Kí o tó gbọn omi, bèèrè bóyá iná lọ lóru. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, omi inú páìpù rẹ̀ ti dúró sójú kan. Jẹ́ kí bíi lítà méjì dànù kí tìrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Má ki rọ́bà gígùn bọ ẹnu ẹ̀rọ kí omi lè dé ìgò, rọ́bà náà ń yọ́ nǹkan sí omi. Má fi parafilm dé ìgò. Lo omi náà lọ́jọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì, kí o fi èyí tó bá kù fọ nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o lo distilled water dípò rẹ̀, mọ̀ pé ìdọ̀tí tó bá lè bá ooru gòkè á bá omi wọ inú ìgò kejì.

Bọ̀dá_Àpáta, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáwọ́ pure water dúró. Omi mímu ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún kọ́lọ́ọ̀mù. Asẹ́ 0.45 µm ń dá iyanrìn àti ẹ̀rúnrún dúró. Ohun tó ti yọ́ sínú omi á bá a kọjá, iyọ̀ ni o, calcium ni o. Ọjọ́ tí ẹ bá da phosphate sínú rẹ̀, calcium yẹn lè dì mọ́ ọn, kí ó sì lọ há sínú pọ́ọ̀ǹpù yín. Ẹ ò rí píìkì àjèjì nítorí ìwọ̀n omi àti methanol yín kì í yí padà: ìdọ̀tí ò rí ibi tó ti máa kóra jọ kí ó tó jáde, ó ń yọ díẹ̀díẹ̀ sínú baseline, ìlà ìsàlẹ̀ àwòrán, ni. Paracetamol yín sì pọ̀ gan-an nínú ohun tí ẹ̀ ń gún. Ẹ wo baseline yín dáadáa.

Kẹ́míìsì_Olúyọ̀lé:

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi kún un. Formic acid náà wà nínú ìgò A. Kí àbúrò wa tó dá omi lẹ́bi pátápátá, kí ó sáré lẹ́ẹ̀kan láìsí acid.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mà, ẹ̀yin náà sà. Màá ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́la bí iná bá wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo: mo fi pH mítà wo omi Mọ́níyà ọ̀hún, ó kọ 5.7. Ṣé kì í ṣe 7 ló yẹ kó jẹ́? Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìyá_Láàbù:

Rárá o. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde, carbon dioxide, ló wọ inú rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ di kíkan díẹ̀. Gbogbo omi mímọ́ tó bá rí afẹ́fẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. 18.2 tó o rí ní Mọ́níyà gan-an, kò bá ọ dé ilé: omi tó bá ti mu carbon dioxide yó lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi 1 megohm-cm láìsí pé ẹnikẹ́ni da nǹkan sí i. Lójú UV, ìyẹn ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Má sì máa wọn pH irú omi bẹ́ẹ̀ lásán. Ion inú rẹ̀ kéré jù fún mítà láti dúró sójú kan. Fi acid tàbí buffer rẹ sí i tán, kí o tó wọ̀n ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó:

Mo ti dé o. Iná wà fún wákàtí méje lánàá, mi ò jẹun ọ̀sán.

Omi kẹ́ẹ̀gì, píìkì àárín, bí ẹ̀rọ ṣe kọ ìwọ̀n rẹ̀: ìṣẹ́jú 10, ó jẹ́ 62. Ìṣẹ́jú 30, 118. Ìṣẹ́jú 60, 205. Mo sáré láìsí formic acid, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Mo wá ra omi HPLC lítà kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kẹ́míkà ní Mọ́kọ́lá, mo fi ìṣẹ́jú 60 sílẹ̀: 6. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo rí i.

Lówùúrọ̀ òní, mo gbé ìgò gíláàsì mẹ́rin lọ sí Mọ́níyà. Ẹ̀rọ wọn ń kọ TOC lóòótọ́, 4 ppb ló kọ. A kàn ò wojú ibẹ̀ rí ni. Mo jẹ́ kí lítà méjì dànù, mo gbé ìgò lé itan nínú Micra títí mo fi délé. Ìṣẹ́jú 60: 9. Píìkì méjì yòókù ò sí mọ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n bò mọ́lẹ̀.

Mo fi àwọn àwòrán náà han ọ̀gá mi. Ó wò wọ́n pẹ́, ó wá ní kí n kọ ọ́ sí orí kẹta, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé omi, ká gbàgbé kọ́lọ́ọ̀mù tuntun.

Ìyá_Láàbù:

O ṣé é, ọmọ mi. 56 láàárín 10 sí 30, 87 láàárín 30 sí 60: kò tó 3 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ geere. Fi ìyẹn sínú orí kẹta náà. Má ju 9 yẹn nù o. Máa sáré òfìfo kan lówùúrọ̀ gbogbo ọjọ́ tó o bá fẹ́ ka ewúro, kí o lè mọ̀ bó bá fẹ́ gòkè. Kí o sì máa kọ ọjọ́ àti wákàtí tó o gbọn omi sára ìgò.