Ẹ gbà mí o, Java 21 fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé ó gùn. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mi ò rí oorun sùn. Ọ̀gá wa ní kí n gbé áàpù ẹ̀yáwó wa kúrò lórí Java 8 (Java lèdè tí wọ́n fi kọ kóòdù ẹ̀) bọ́ sórí 21, ọ̀sẹ̀ méjì péré, èmi nìkan, torí ẹni tó kọ kóòdù náà ti jápa lọ sí Kánádà, kì í gbé fóònù mọ́. Iná ò sí, aago mẹ́rin ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lójú gbogbo ọ́fíìsì, ó ní ọmọ IT tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi AI kọ odidi áàpù láàárín ọjọ́ kan, kí lèmi ń ṣe látàárọ̀. Ọdún mẹ́fà mi níbẹ̀! Kò kàn ṣiṣẹ́ ni, error lóríṣiríṣi. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́. Error wo? Spring Boot wo, ìyẹn férémù tẹ́ ẹ fi kọ áàpù yẹn, lẹ ń lò?

Bàbá Server: Java 8, ti 2014! Àwa sá kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn wàhálà ààbò Log4j, kóòdù tó ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ áàpù, ti December 2021. Ìyàwó mi ń rọbí, èmi ń wá fáìlì Log4j kiri inú sáfà mọ́kàndínlógún. Bọ́ sórí 21 jàre, virtual thread nìkan, tó ń jẹ́ kí áàpù ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú: Bàbá, ọmọ ń sunkún ẹ ń polówó. Ní 21, virtual thread tó bá dúró nínú synchronized (kóòdù tó ń gba thread kan ṣoṣo wọlé) ń há mọ́ carrier ẹ̀, ìyẹn thread gidi tó gbé e, Java 24 ni wọ́n tó tún un ṣe.

Bàbá Server: 24 kì í ṣe LTS, èyí tí wọ́n máa ń tọ́jú fún ọdún púpọ̀. Kó kúkú lọ sí 25 tó jáde ní September 2025.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Mi ò lẹ o, mo kàwé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Spring Boot 2.3 la wà, mo gbé e lọ sí 3. Wọ́n ní àwọn àkójọ kóòdù tórúkọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú javax ti di jakarta, mo bá fi find and replace yí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá ń pariwo "package jakarta.sql does not exist".

Ìyá Ìbejì: Áà! Kì í ṣe gbogbo javax ló yí. javax.persistence, javax.servlet, javax.validation ló di jakarta. javax.sql àti javax.crypto, inú JDK (àpò irinṣẹ́ Java fúnra ẹ̀) gan-an ni wọ́n ń gbé, orúkọ wọn ò yí padà. Dá wọn padà. Kọ́kọ́ lọ sí Spring Boot 2.7, ó ń gba Java 8 ó ń gba 17, kó o tó bọ́ sí 3. Tẹ́sìtì ńkọ́?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Tẹ́sìtì ò sí mà. Ẹni tó jápa ò kọ ọ̀kankan, ẹ̀bi tèmi kọ́.

Adé Kóòdù: 2.7 ni kó o kọ́kọ́ lọ. Áàpù owó láìsí tẹ́sìtì, ọdún mẹ́fà! O ò ṣe dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú: Kí ló ń lé ọ̀gá yín gan-an?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ 21. Ó gbọ́ níbi ìpàdé kan pé ẹni tó bá ń lo Java máa sanwó lórí gbogbo òṣìṣẹ́, àwa sì jẹ́ 140, títí kan àwọn tó ń gba àjọ lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú: O ò wá sọ látàárọ̀! Lóòótọ́, láti January 2023 orí òṣìṣẹ́ ni Oracle, ilé iṣẹ́ tó ni Java, ń kà, dọ́là 15 lórí ẹnì kan lóṣù, tiyín á jẹ́ 2,100. Ṣùgbọ́n JDK ti Oracle nìyẹn. Eclipse Temurin 8, JDK mìíràn tí kì í ṣe ti Oracle, wà lọ́fẹ̀ẹ́, o ò ní fọwọ́ kan ìlà kóòdù kan. Kí ni java -version sọ?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: 1.8.0_191.

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú: 191, ti October 2018! Ìyẹn wà lábẹ́ àṣẹ ìlò àtijọ́ tí kò gba owó, ẹ̀yìn 1.8.0_202 lowó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò, owó kọ́ ni kó bà yín lẹ́rù. Láti 2018 ni àtúnṣe ààbò kankan ò ti wọ sáfà tó ń gbé owó olówó. Fi Temurin sí i lónìí, kó o wá gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá fún 21.

Bàbá Server: 25.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Mo ti dá kóòdù padà ní git, mo fi Temurin sórí staging, sáfà ìdánwò wa, ó gbéra! Àmọ́ kò bá báńkì sọ̀rọ̀ mọ́, "PKIX path building failed".

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó jápa yẹn ti fi certificate báńkì, ìwé ẹ̀rí tí áàpù fi ń dá báńkì mọ̀, sínú cacerts (fáìlì tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ sí) ti JDK àtijọ́. Fi keytool, irinṣẹ́ inú JDK, kó o jáde, kó o gbé e sínú tuntun. Má tíì pa ti àtijọ́ rẹ́ o!

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ mà. Ẹ dúró dè mí, wọ́n ti ń lọ pa jẹnẹrétọ̀.