Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tó wà nínú ẹni láti ojú rẹ̀?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Nígbàkúùgbà tí àbúrò mi bá fajú ro, tí ó sì káwọ́ lẹ́rán, mo máa ń gbà pé inú ń bí i sí mi, àmọ́ bí mo bá bi í, á ní òun kàn ń ronú ni. Paul Ekman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, gbà pé bí ojú ṣe ń fi ìbínú tàbí ìbẹ̀rù hàn jọra káàkiri ayé, ṣùgbọ́n Lisa Feldman Barrett, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ní ojú nìkan kò tó ẹ̀rí. Èmi náà ti ń gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá àbúrò mi wíjọ́ lórí ìbínú tí kò sí nínú rẹ̀, ó sì dùn mí gan-an. Kí ni ẹ̀yin máa ń wò mọ́ ojú, ṣé ohùn ni, àbí ìṣesí ọwọ́ àti èjìká?