Kábọ̀n ọlọ́ksíjìn méjì: èrò mi lórí orúkọ àwọn àdàpọ̀ kẹ́míkà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ látìgbà tí ọ̀kan nínú wa ti béèrè bí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣe lè pe NaCl (iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀), CO₂ àti FeCl₃ (àdàpọ̀ irin àti kílórínì) ní Yorùbá. Àbá méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní ní ká túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá, kí ọ́ksíjìn di "afẹ́fẹ́ àmísínú". Èkejì ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, ká kàn fi àmì ohùn sórí ti Gẹ̀ẹ́sì, "kábọ̀n dáyọ́ksáìdì", ó parí. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú méjèèjì.

"Afẹ́fẹ́ àmísínú" dùn létí, àmọ́ kí la fẹ́ pe ti inú yanrìn? SiO₂ ni yanrìn, ọ́ksíjìn sì ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń mí yanrìn sínú. Irú ọ̀fìn yìí náà ni Lavoisier, oníkẹ́míkà ará Faransé, jìn sí. Nígbà tí òun, Guyton de Morveau, Berthollet àti Fourcroy gbé ètò orúkọ tuntun jáde ní Faransé ní 1787, "oxygène" wà nínú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí ohun tó ń bí ásíìdì, torí wọ́n gbà pé kò sí ásíìdì tí kò ní in nínú. Ní 1810, Humphry Davy, oníkẹ́míkà ará Gẹ̀ẹ́sì, fi yé ayé pé kílórínì kì í ṣe àdàpọ̀ ọ́ksíjìn rárá, apilẹ̀ṣẹ̀ ni, ìyẹn èròjà tí kò ṣeé tú sí òmíràn mọ́. Ìyẹn ni pé HCl, àdàpọ̀ háídírójìn àti kílórínì, jẹ́ ásíìdì láìní ọ́ksíjìn kankan nínú. Àwọn ará Jámánì tó túmọ̀ orúkọ náà sí "Sauerstoff", ìyẹn ohun kíkan, ṣì ń gbé àṣìṣe ọ̀hún kiri títí dòní. Ká yá orúkọ apilẹ̀ṣẹ̀ lò, ká sì jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ lásán.

Àwọn tí a ti mọ̀ nílé ńkọ́? Irin, bàbà, òjé, fàdákà, wúrà: kí wọ́n dúró. Ẹnìkan kọ ọ́ pé ọmọ tó rí Fe, tó wá pè é ní irin, orí rẹ̀ á dàrú. Ṣé Fe jọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni? Látinú "ferrum" ti Látìnì ló ti wá, Pb látinú "plumbum". Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń há a sórí ni. Kí a má kàn pe bàbà ní idẹ, torí síǹkì wà nínú idẹ.

Ẹni tó ní ká máa pe gbogbo àdàpọ̀ áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ti yọ̀ǹda tàbí gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹyọ wínníwínní inú átọ́ọ̀mù) ní "iyọ̀", ẹ forí jì mí, kò ní í ṣiṣẹ́: MgO, àdàpọ̀ magnẹ́síọ̀mù àti ọ́ksíjìn, kì í ṣe iyọ̀ lọ́dọ̀ oníkẹ́míkà. Ẹ tún wo bí orúkọ ṣe ń ṣini lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ káún. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "potash", bí ẹni pé potásíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú gan-an ló ní potásíọ̀mù. Àwọn ìyá wa kò da káún pọ̀ mọ́ eérú rí.

Ohun tó jẹ mí lógún ju ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ni ìrísí orúkọ fúnra rẹ̀. Oríṣi àdàpọ̀ méjì la ń wí. Nínú ọ̀kan, átọ́ọ̀mù kan yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún èkejì, àwọn méjèèjì di áyọ́ọ̀nù, wọ́n sì ń fa ara wọn mọ́ra: ìdè áyọ́ọ̀nù. Nínú èkejì, kò sẹ́ni tó yọ̀ǹda fẹ́nì kan, wọ́n jọ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ni. Mo fara mọ́ ẹni tó pe ìyẹn ní ìdè ajọní. Yorùbá sì ní ohun tí a lè fi ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. Ó ti wà nínú ìwé ìṣirò wa tipẹ́: onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká lo "oní-" àti iye fún ajọní. CO₂ á jẹ́ kábọ̀n ọlọ́ksíjìn méjì, CO á jẹ́ kábọ̀n ọlọ́ksíjìn kan. Iye yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o: ti méjì ló ń hó nínú ẹlẹ́rìndòdò, ti kan ló ń pa odidi ìdílé lójú oorun nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé rẹ̀. N₂O₄, náítírójìn méjì ọlọ́ksíjìn mẹ́rin. PCl₅, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì oníkílórínì márùn-ún. Bí ẹ ṣe ń pe orúkọ náà lọ lẹ ń kọ fọ́múlà rẹ̀ lọ. Gírámà kò sì yí padà: oní- dúró ṣáájú kọ́ńsónáǹtì, ṣáájú ọ́ksíjìn ó di ọlọ́-, bí oní àti ọjà ṣe di ọlọ́jà. Ẹnìkan lè ní "ọlọ́mọ méjì" lè jẹ́ ìyá kan tàbí ìyá méjì. Òótọ́ ni, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tí "onígun mẹ́ta méjì" rú lójú.

Fún ti áyọ́ọ̀nù, ìrísí "iyọ̀ òkun" ni ká lò: NaCl á jẹ́ kílóráìdì sódíọ̀mù (kílóráìdì ni kílórínì tó ti di áyọ́ọ̀nù). Àwọn tó ń kọ "sódíọ̀mù kílóráìdì" dà bí ẹni tó ń sọ pé "òkun iyọ̀". Àwọn ọmọ wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́, ń gbọ́ "chlorure de sodium" nínú kíláàsì, ti Brasil ń gbọ́ "cloreto de sódio", ètò tiwa gan-an nìyẹn. Pé Na ló ṣáájú nínú fọ́múlà kò dí wọn lọ́wọ́. A ò sì ní í dárúkọ iye níbí. CaCl₂ jẹ́ kílóráìdì kálísíọ̀mù, torí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni kálísíọ̀mù ń yọ̀ǹda, ẹyọ kan ni kílórínì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ọ́ksáìdì álúmíníọ̀mù ńkọ́? Álúmíníọ̀mù yọ̀ǹda mẹ́ta, ọ́ksíjìn gba méjì, orí ẹẹ́fà ni wọ́n ti pàdé: álúmíníọ̀mù méjì, ọ́ksíjìn mẹ́ta, Al₂O₃. Bí àkámọ́ bá wà, bíi ti háídírọ́ksáìdì kálísíọ̀mù, Ca(OH)₂, mo dábàá ká máa kà á báyìí: "Ca kan, ìdì OH méjì."

Irin ló wá lágídí. FeCl₂ wà, FeCl₃ wà. Ní 1919, Alfred Stock ará Jámánì dábàá nọ́ńbà àwọn ará Róòmù, (II) àti (III), láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí olùkọ́ bá kà á ní "irin mẹ́ta", ọmọ á kọ Fe₃, ó sì jàre, torí irin mẹ́ta ni wọ́n wí fún un. "Irin kẹta" tí ẹnìkan mú wá kò sàn jù: èwo ni èkíní? Kílóráìdì irin ayọ̀ǹda-mẹ́ta ni tèmi. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí III túmọ̀ sí nìyẹn: irin náà yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta.

Ó tún ku èyí tó mu omi, bíi súlífétì bàbà, CuSO₄·5H₂O. Omi inú rẹ̀ wà ní odindi, nítorí náà "olómi márùn-ún" bá a mu, bí bàbà tilẹ̀ jẹ́ áyọ́ọ̀nù níbẹ̀. Bí a bá yan án lórí iná, omi á fò lọ, àwọ̀ búlúù rẹ̀ á di funfun, "olómi márùn-ún" á sì kúrò nínú orúkọ. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ní kíkún á jẹ́ súlífétì bàbà ayọ̀ǹda-méjì olómi márùn-ún, ta ló fẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mejì? Òun sì ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ń pò mọ́ háídírọ́ksáìdì kálísíọ̀mù, tí wọ́n fi ń fín kòkó nítorí àrùn tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú. Ẹni tó bá ní àgbẹ̀ kòkó nítòsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lóko.