Iná ara fóònù kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ ń wá fún fóònù ọ́fíìsì, ẹ dábàá “ìpè kíákíá” fún speed dial (bọ́tìnì kan ṣoṣo tí a ń tẹ̀ láti pe nọ́ńbà tí a ti fi pamọ́), ẹ sì dábàá “ìṣọ́ wíwà” fún presence monitoring (iná ara fóònù tó ń fi hàn bóyá ìlà ẹlòmíràn dí tàbí ó ṣófo).

Ẹni tó bá gbọ́ “ìpè kíákíá”, ìpè pàjáwìrì ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ìpè náà kò sì yára ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Nọ́ńbà la ò tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. A ti ní àtẹ̀jíṣẹ́ fún text message. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí ní àtẹ̀pè: “Mo ti fi nọ́ńbà ọ̀gá sí àtẹ̀pè kẹta.” Òótọ́ ni pé gbogbo nọ́ńbà la ń tẹ̀ ká tó pè, àmọ́ lílò ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

“Ìṣọ́” gan-an ló ń dùn mí. Iṣẹ́ mi ni títo fóònù orí tábìlì sí ọ́fíìsì. Níbì kan, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n kọ sínú ìwé ìlànà. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé ọ̀gá ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, akọ̀wé kan sì fi bébà bo iná náà. Iná yẹn kò gbọ́ nǹkan kan! Fóònù yín ló bẹ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè) pé kó máa ta òun lólobó nígbàkigbà tí ipò ìlà ẹnì kejì bá yí padà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ìlà ṣófo, pupa sì túmọ̀ sí pé ìlà dí.

“Wíwà” náà kò bá a mu. Ẹni tó lọ jẹun, ìlà rẹ̀ ṣófo, iná rẹ̀ sì wà ní àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò sí níjòókòó. Àwọn tó ṣe òfin SIP (ìlànà tí irú àwọn fóònù yìí fi ń pe ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) pàápàá ya méjèèjì sọ́tọ̀: ìwé ìlànà RFC 3856 ti ọdún 2004 ń sọ nípa wíwà ènìyàn, RFC 4235 ti ọdún 2005 sì ń sọ nípa ipò ìpè. Nítorí náà, mo dábàá ìfipòhàn ìlà. Ká fi “wà ní àrọ́wọ́tó” sílẹ̀ fún ibi tí ènìyàn ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun wà tàbí pé òun wà nípàdé.

Ní ti iná tó ń tàn tó ń kú nígbà tí fóònù ẹnì kejì ń dún, kí a lè bá a gbé e, àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ lórúkọ kí n tó dé: “Ó ń ṣẹ́jú.” Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.